Olórí Ilé Èrò

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí wà nínú Ìhìn Rere gẹ́gẹ́ bí Lúùkù ti kọ ọ́, orí 10, láti ẹsẹ 25 títí dé 37. Ìtàn náà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa; àwọn ọmọ kéékèèké Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi pàápàá lè ròyìn rẹ̀ láìwo ìwé. Amòfin kan bi Olúwa wa léèrè pé ta ni ọmọnìkejì òun. Olúwa kò jókòó túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un. Ìtàn ni ó sọ fún un. Ọkùnrin kan ń ti Jerúsálẹ́mù sọ̀kalẹ̀ lọ sí Jẹ́ríkò, ó sì bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọlọ́ṣà. Wọ́n gba ohun gbogbo tí ó ní, wọ́n lù ú ní àlùbolẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ láàárín ikú àti ìyè. Àlùfáà kan dé ibẹ̀, ó wò ó, ó sì gba ìhà kejì ọ̀nà lọ. Ọmọ Léfì kan tẹ̀lé e, òun náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ará Samáríà kan, ọmọ ìran tí àwọn Júù kì í bá da ohunkóhun pọ̀, ni ó dúró, tí ó di ọgbẹ́ rẹ̀, tí ó gbé e gun ẹran tirẹ̀, tí ó sì mú un dé ilé èrò. Àwọn baba wa mọ òtítọ́ yìí kí ìwé tó dé ilẹ̀ wa, nítorí wọ́n máa ń wí pé: àjùmọ̀bí kò kan ti àánú, ẹni tí Olúwa bá rán sí ni ní í ṣe ni lóore.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti wàásù lórí àwọn mẹ́ta wọ̀nyí, a sì ti bá àlùfáà àti ọmọ Léfì náà wí gidigidi láti orí àga ìwàásù. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn kan wà nínú ìtàn náà tí a kì í sábà rántí. Òun ni olórí ilé èrò.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ará Samáríà náà fi owó fàdákà méjì sílẹ̀, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Olórí ilé èrò ni ó kù pẹ̀lú aláìsàn. Òun ni yóò wẹ ọgbẹ́ náà nígbà tí ó bá ń rùn. Òun ni yóò dìde lóru nígbà tí ọkùnrin náà bá ń kérora. Òun ni yóò wá omi àti oúnjẹ fún ẹni tí kò lè na ọwọ́ fún ara rẹ̀. Ìbá lè wí pé, "Ilé mi ti kún." Ìbá lè wí pé, "Bí àwọn èrò bá rí ẹ̀jẹ̀ yìí, wọn yóò sá fún ilé mi. Bí ó bá sì kú sí mi lọ́wọ́, kí ni èmi yóò wí fún àwọn ènìyàn rẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ilé èrò mìíràn wà níwájú. Ẹ gbé e lọ síbẹ̀." Olúwa wa kò fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí i lẹ́nu. Ó fi í sínú ìtàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a lè fi ẹ̀mí ọmọnìkejì sí lọ́wọ́, kí a sì máa lọ.

Ohun tí a fẹ́ kọ́ lára rẹ̀ ní oṣù yìí kò gùn. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé kí a máa sin ẹlòmíràn ṣáájú ara wa ni kí a máa bu díẹ̀ fún aláìní nínú ohun tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí àwa ti yó. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n kò tí ì tó. Ìsìn tí ó ṣáájú ara ẹni ni èyí: pé nígbà tí Ọlọ́run bá gbé ẹrù tí ó wúwo dé ẹnu ọ̀nà wa, kí a má ṣe ti ẹrù náà kọjá sí ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn. Àlùfáà àti ọmọ Léfì kò lu ọkùnrin náà. Wọn kò jí ohun ìní rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn ni pé wọ́n fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ní ilẹ̀ tiwa yìí, ní ọdún 2014, Ọlọ́run fi irú olórí ilé èrò bẹ́ẹ̀ hàn wá, ó sì yẹ kí a sọ ìtàn náà fún àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún náà, àrùn Ẹ̀bólà ń jà ní ilẹ̀ Gínì, ní ilẹ̀ Sàró, àti ní Làìbéríà. Àrùn burúkú ni. Omi ara alárùn ni ó fi ń ràn, nítorí náà àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn àti àwọn tí ń wẹ òkú ni ó ń mú jù. Kí ó tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọdún 2016, ó ti pa ju ènìyàn 11,300 lọ.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, ọkùnrin kan ti Làìbéríà wọ Èkó nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ìpàdé kan ni ó ń lọ ní Kàlàbá. Ara rẹ̀ kò yá láti ọ̀nà wá, ó sì ṣubú ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìjọba ń da iṣẹ́ sílẹ̀ ní àkókò náà. Nítorí èyí ni a ṣe gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ọbáléndé, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ First Consultants. Bẹ́ẹ̀ ni èrò tí ó ṣubú ní ọ̀nà ṣe dé ilé èrò.

Ibà ni a kọ́kọ́ pe àìsàn rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ni Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, obìnrin tí ó jẹ́ àgbà láàárín àwọn oníṣègùn ibẹ̀, yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀bólà kò tí ì wọ ilẹ̀ wa rí. Kò sí ẹni tí ìbá bá a wí bí ó bá gba ohun tí a ti kọ sílẹ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n ó wo aláìsàn náà dáadáa, ó bi í léèrè ibi tí ó ti wá àti àwọn tí ó ti súnmọ́. Ọkùnrin náà sẹ́ pé òun kò fara kan alárùn kankan. Síbẹ̀ ọkàn dókítà náà kò balẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ó fi ọ̀rọ̀ náà tó àwọn aláṣẹ ètò ìlera létí, ó ní kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì pàṣẹ pé kí a yà á sọ́tọ̀, kí ó má sì ṣe jáde.

Nígbà náà ni ìdánwò dé. Àwọn aláṣẹ láti ilẹ̀ ọkùnrin náà ń ránṣẹ́ pé kí a jọ̀wọ́ rẹ̀ kí ó lè dé ibi ìpàdé rẹ̀. Wọ́n ní dídá a dúró tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ń fẹ́ lọ. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ará: ilẹ̀kùn àbáyọ ṣí sílẹ̀ gbayawu fún obìnrin yìí. Bí ó bá ti gbà, ìjà ìbá parí ní wákàtí náà. Aláìsàn tí ó le ìbá ti kúrò ní ilé ìwòsàn rẹ̀, òun ìbá ti bọ́ lọ́wọ́ ìhàlẹ̀, kò sì sí ilé ẹjọ́ tí ìbá dá a lẹ́bi. Ewu náà ìbá kàn gba ìhà kejì ọ̀nà lọ ni: sínú ọkọ̀, sínú ìpàdé, sí Kàlàbá, sí ilé àwọn ìyá àti àwọn ọmọ tí dókítà náà kò mọ̀ rí, tí àwọn náà kì bá sì mọ orúkọ rẹ̀ láé. Ó kọ̀. Nítorí ire gbogbo ìlú, ó ní ọkùnrin náà kò gbọdọ̀ lọ.

A ti mọ̀ pé ìsìn máa ń wí pé "Bẹ́ẹ̀ ni." Ẹ jẹ́ kí a tún kọ́ ọ lára obìnrin yìí pé ìgbà mìíràn wà tí ìsìn ń wí pé "Rárá," tí ó sì ń dúró lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ọkùnrin náà kú ní ọjọ́ 25 oṣù Keje. Nígbà tí oṣù Kẹjọ wọlé, àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn náà ti mú Dókítà Adadevoh fúnra rẹ̀. A sì gbé e lọ sí ibi tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn alárùn ní Yábàá. Ó kú ní ọjọ́ 19 oṣù náà, ní ẹni ọdún 57. Kì í ṣe òun nìkan. Nọ́ọ̀sì wà nínú àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn náà tí ó kú, ẹni tí ń tún yàrá àwọn aláìsàn ṣe sì wà nínú wọn pẹ̀lú.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti súnmọ́ aláìsàn àkọ́kọ́ náà kúrò ní Èkó, ó lọ sí Port Harcourt, ó sì wá ìtọ́jú níbẹ̀. Dókítà tí ó tọ́jú rẹ̀ kó àrùn náà, ó sì kú. A kò sọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni bú, nítorí ìbẹ̀rù ikú wà nínú gbogbo wa. A sọ ọ́ kí a lè mọ ohun tí ìbá ti ṣẹlẹ̀ ní ibi púpọ̀ bí a bá ti ṣí ilẹ̀kùn Ọbáléndé náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá ènìyàn 894 kàn tí ó ti súnmọ́ àwọn alárùn, wọ́n sì bẹ̀ wọ́n wò láti ilé dé ilé ní ìgbà bí 18,500. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún kan náà pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà, ènìyàn 20 péré ni ó ti mú ní gbogbo ilẹ̀ wa, 8 nínú wọn ni ó sì kú. Bí ẹ bá gbé iye yìí sí ẹ̀gbẹ́ 11,300, ẹ ó mọ ohun tí "Rárá" kan ṣoṣo lè ṣe.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ni ní ìtàn ilẹ̀ wa lè fẹ́ mọ̀ pé Herbert Macaulay ni baba ńlá obìnrin yìí. Abigail sì ni ìyá Macaulay, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tí a kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, tí a sì fi jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Orúkọ ńlá ni ó jẹ́ nínú Ìjọ wa, inú wa sì dùn láti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé ìran ni í mú ènìyàn dúró. Àlùfáà inú ìtàn Olúwa wa jẹ́ ọmọ Áárónì. Ọmọ Léfì náà jẹ́ ọmọ ìran tí a yà sí mímọ́. Ìran wọn kò dá ẹsẹ̀ wọn dúró ní ọjọ́ náà. Ẹni tí ń tún yàrá ṣe ní Ọbáléndé, a kò rí orúkọ baba ńlá rẹ̀ nínú ìwé ìtàn kankan. Síbẹ̀ òun náà wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ó yẹ kí a dúró níhìn-ín kí a jẹ́wọ́, nítorí kò tọ́ kí a máa fi ọwọ́ júwe ìhà kejì ọ̀nà bí ẹni pé àwa kò gba ibẹ̀ rí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014 yìí kan náà, nígbà tí ẹ̀rù ba gbogbo ilẹ̀, tí àwọn ènìyàn ń fi omi iyọ̀ wẹ̀ lóru nítorí àhesọ pé ó ń lé àrùn náà, àwa tí a ń kọ̀wé yìí ń ṣe iṣẹ́ katikísì ní ìlú kékeré kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ kan wà nínú ìjọ wa, tí kì í ṣe ọmọ ìlú náà, tí kò sì ní ìbátan níbẹ̀. Ó lọ sí Èkó fún ìsinmi, ó padà dé, ibà sì dá a gúnlẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti kárí àdúgbò pé ó ti kó Ẹ̀bólà bọ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé kó jáde kúrò nínú ilé. Ó rán ọmọdé kan sí wa pé kí a jọ̀wọ́ kí a wá ẹni tí yóò gbé òun lọ sí ilé ìwòsàn.

A ránṣẹ́ padà pé a wà nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ ìjọ, a ó sì wá bí ó bá parí. Òtítọ́ ni pé ìpàdé wà. Òtítọ́ sì ni pé ó parí ní agogo mẹ́fà, a kò sì lọ. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí ìjọ fún wa, a sì gbàdúrà fún un. Àdúrà náà gùn. A tilẹ̀ sunkún nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò dìde.

Obìnrin kan tí ń ta ẹ̀kọ ní ìdojúkọ ilé náà ni ó dìde. Kò mọ̀wé, kò tí ì gba ìfọwọ́lélórí nínú ìjọ wa. Kò já wọ inú yàrá náà bí aláìgbọ́n. Ó dúró ní ìta ojú fèrèsé, ó ń pe orúkọ olùkọ́ náà kí ó lè mọ̀ pé ó ṣì ń dáhùn. Ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti omi sí ẹnu ìloro, ó sì fà sẹ́yìn kí aláìsàn náà fúnra rẹ̀ wá gbé e. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti ọjà rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwòsàn, kò sì kúrò níbẹ̀ títí àwọn òṣìṣẹ́ fi wọ ìbọ̀wọ́ tí wọ́n sì bá a wá. Ibà lásán ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ara olùkọ́ náà ti yá.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, ó wá sí ilé Ọlọ́run, ó sì dìde láti dúpẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà; lẹ́yìn èyí ni ó yíjú sí wa, ó sì dúpẹ́ fún àdúrà wa. Kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Tọkàntọkàn ni ó fi sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni a kò ti lè ka ìtàn àlùfáà tí ó gba ìhà kejì kọjá kí ojú má ti wá.

Bóyá ẹnìkan nínú yín yóò wí pé, "Njẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn fi orí la ikú nítorí ẹni tí kò mọ̀?" A dáhùn pé Ọlọ́run kò pè wá sí àìgbọ́n. Olúwa wa fúnra rẹ̀ kọ̀ láti bẹ́ láti orí tẹ́ḿpìlì nígbà tí Èṣù dán an wò. Obìnrin ẹlẹ́kọ náà kò fara kan aláìsàn, ọgbọ́n sì ni èyí jẹ́. Dókítà Adadevoh kò bá ọ̀ràn náà ṣeré, ó tètè fura, ó tètè ké sí àwọn tí ó yẹ. Ìfẹ́ lè wọ ìbọ̀wọ́; ìfẹ́ lè dúró ní ojú fèrèsé. Ohun tí ìfẹ́ kò lè ṣe ni kí ó pa fèrèsé dé kí ó sì máa wí pé òun ń gbàdúrà.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, "Ẹni tí ó ní ni í ṣe irú èyí, àwa fúnra wa ń wá ohun tí a ó jẹ." Ẹ rántí Kúdẹtì ní Ìbàdàn. David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ wá gbé ní ìlú náà ní ọdún 1853. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1860, ọ̀nà Èkó dí, owó àti ẹrù kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá. Àwọn ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ sì wà nínú ilé, ebi sì wọlé tọ̀ wọ́n. Wọ́n ń ta ẹrù ilé wọn díẹ̀díẹ̀ kí àwọn ọmọ náà lè rí nǹkan fi sí ẹnu. Kì í ṣe inú ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti mú un. Inú àìní ni. Nínú irú irúgbìn bẹ́ẹ̀ ni ìjọ Ìbàdàn ti hù jáde.

Níbo ni a ó ti rí agbára fún èyí? Kì í ṣe láti inú ara wa. Bí ó bá ṣe pé kí a lè jèrè ìgbàlà ni a ṣe ń sin ẹlòmíràn, ara wa náà ni a ṣì ń sìn. Abala kejìlá nínú Abala Mọ́kàndínlógójì ti Ìjọ wa kọ́ wa pé iṣẹ́ rere kò lè mú ẹ̀ṣẹ̀ wa kúrò. Èso ìgbàgbọ́ tòótọ́ ni, a sì ń fi í mọ ìgbàgbọ́ bí a ti ń fi èso mọ igi. A wà ní ẹ̀bá ọ̀nà, ẹ̀ṣẹ̀ ti lù wá, a kò lè dìde. Ọmọ Ọlọ́run ìbá sì lè kọjá. Ó sọ̀kalẹ̀. Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ará Fílípì ní orí kejì ìwé rẹ̀ bí Ó ti sọ ara rẹ̀ di ìránṣẹ́ títí dé ikú orí àgbélébùú. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ikú náà, Ó di aṣọ ìnura mọ́ ẹ̀gbẹ́, Ó sì wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀, tí ó fi mọ́ ẹsẹ̀ ẹni tí yóò tà á. Ẹni tí a ti gbé dìde ní ẹ̀bá ọ̀nà kò yẹ kí ó tún máa wá ìhà kejì.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wa yẹ ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ wò, nítorí kì í ṣe ojoojúmọ́ ni Ẹ̀bólà ń dé, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ẹrù kan ń dé.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọmọ tí kò lè kàwé wà nínú kíláàsì yín. Ó rọrùn láti fún un ní máàkì tí yóò gbé e lọ sí kíláàsì tí ó kàn, kí ó lè di ìyọnu olùkọ́ mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń tì í láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí yóò fi jáde ilé-ẹ̀kọ́ láìmọ orúkọ ara rẹ̀ kọ. Ẹ jókòó tì í fún ìdajì wákàtí lẹ́yìn tí agogo bá ti lù. Ilé èrò tiyín nìyẹn.

Ẹ̀yin àgbà ìjọ, opó kan ti wá sí ọ̀dọ̀ yín. Ẹ ní kí ó lọ rí akọ̀wé, akọ̀wé ní kí ó lọ rí akápò, akápò ní kí ó dúró de ìpàdé oṣù tí ń bọ̀. Kò sí ẹni tí ó lé e. Síbẹ̀ ó padà sílé ní ọwọ́ òfo.

Ẹ̀yin oníṣòwò, owó yíya tí ẹnìkan fi tàn yín ní àná, ẹ ti ká a pọ̀ mọ́ inú owó rere, ẹ ń dúró de òkùnkùn kí ẹ lè ná an fún ẹlòmíràn. Iṣu tí ó ti rà, ẹ ti fi í sí ìsàlẹ̀ òkìtì. Ẹ jẹ́ kí ibi náà kú sí ọ̀dọ̀ yín. Àdánù náà yóò dùn yín, ṣùgbọ́n kò ní rìn jìnnà mọ́.

Àti nínú ilé: baba ti darúgbó, ó ń tọ̀ sára, àwọn ọmọ sì ń dá oṣù fún ara wọn, olúkúlùkù ń ka ọjọ́ tí yóò gbé e fún ìkejì. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tọ́ kí a pín iṣẹ́, nítorí àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, arúgbó mọ ilé tí a ti ń tọ́jú òun, ó sì mọ ilé tí a ti ń ka ọjọ́.

Ará ilé ẹni tí ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ohun tí a tì kọjá ilé wa kò lọ jìnnà. Inú ìlú wa náà ni ó wà.

Ọ̀rọ̀ kan ni ó kù. Kí ará Samáríà náà tó lọ, ó ṣe ìlérí fún olórí ilé èrò pé òun ń padà bọ̀, àti pé ohunkóhun tí ó bá ná lé owó fàdákà méjì náà, òun yóò san án. Olúwa wa kò sọ fún wa ọjọ́ tí ó padà. Olórí ilé èrò ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìgbàgbọ́ pé olóòótọ́ ni ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ni àwa náà rí. Òru tí a kò sùn, ọjà tí a tì, orúkọ tí a bà jẹ́ nítorí pé a wí pé "Rárá," ẹ̀mí pàápàá tí a fi lélẹ̀: kò sí èyí tí Olúwa kò kọ sínú ìwé rẹ̀. Ó ń padà bọ̀, yóò sì bèèrè aláìsàn tí Ó fi sí wa lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà. Baba wa ọ̀run, Ìwọ tí kò gba ìhà kejì kọjá nígbà tí a ṣubú, dárí ìkọjá wa jì wá. Tu àwọn tí ó pàdánù ènìyàn wọn ní ọdún 2014 nínú. Fún àwọn dókítà, àwọn nọ́ọ̀sì, àti gbogbo àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn ní ọgbọ́n, ìgboyà àti ààbò. Ṣí ojú wa kí a lè mọ ẹni tí Ìwọ gbé dé ẹnu ọ̀nà wa, kí o sì mú wa dúró tì í títí Ìwọ yóò fi dé. Nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.